Ìwádìí Tí Wọ́n Wá Ṣe sí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò fojú rẹ rí màbo mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ yóò máa ṣọ́ ìwọ tí o ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọ́ lóore kò ní ṣìnà ilé rẹ, ẹni tó fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ ni yóò ṣìnà. Àmín. Àwa náà wà. Òrùlé kò jò lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí ti dákẹ́, èkejì ló bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Má fòyà tí o bá rí i pé lẹ́tà yìí gùn. Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ ọ́. Ìyá rẹ wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ń bá mi jà, nítorí náà jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má sáré fò lọ síbẹ̀, torí bí o bá ka ìsàlẹ̀ láìka òkè, wàá rò pé owó nìkan ni mo mọ̀ ọ́n bèèrè.

Ó ti tó bí oṣù kan àtààbọ̀ tí ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì. Ọ̀gá ilé-ìwé ló mú un wá, ó ní ó ń ṣe ìwádìí tí wọ́n máa fi fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì fẹ́ ilé méjìlá ní àdúgbò wa. Mo ní ìwádìí kí ni. Ọmọbìnrin náà kí mi dáadáa, ó ní òun fẹ́ mọ bí àwọn tó jẹ́ ẹbí kan náà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo dá a lóhùn pé ẹnu ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í pé ọdún mélòó ló máa fi wádìí èyí, ó ní ọdún mẹ́rin. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi tí mo jẹ́ káfíńtà, bí ẹnì kan bá ní kí n fi ọdún mẹ́rin ṣe ilẹ̀kùn kan, mo máa mọ̀ pé kò fẹ́ wọlé.

Ó kọ́kọ́ fún wa ní ìwé pé ká fọwọ́ sí. O mọ̀ mí, n kì í fọwọ́ sí ohun tí n ò bá kà, mo mú gíláàsì mi, mo jókòó ti ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Níbì kan wọ́n kọ ọ́ pé mo lè yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nígbàkigbà tó bá wù mí, pé kò pọn dandan kí n sọ ìdí rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní fìyà jẹ mí. Ó yà mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà nínú ẹbí yìí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé ìyá rẹ náà. Ó ní ìwé kan náà ni. Mo ní kó jọ̀ọ́ fi bírò pa á rẹ́ nínú tirẹ̀, tèmi lè wà bẹ́ẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ìyá rẹ ní tirẹ̀ kàn fọwọ́ sí i láìka ẹyọ kan, ibi tí kò sí ìlà rárá ló tilẹ̀ fọwọ́ sí, mo sì rò nínú ara mi pé ìwàǹwára ló ń ṣe é.

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí orúkọ nínú ìwádìí, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún èèyàn. Wọ́n fún ìyá rẹ ní Ẹni Kìíní, wọ́n fún mi ní Ẹni Kejì. Mo bèèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin náà ní ìyá rẹ ló ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ní èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn náà. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí nọ́ńbà padà.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìbéèrè. Ogójì ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òrùka kéékèèké márùn-ún níwájú, láti orí rárá títí dé orí nígbà gbogbo. Èyí àkọ́kọ́ ní báwo ni mo ṣe ń sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún àwọn ará ilé mi tó. Mo mú rúlà mi, mo wọ̀n ọ́n láti òrùka kìíní dé ìkarùn-ún, mo sì fi àmì sí ibi tí òtítọ́ wà gan-an, ìyẹn láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta, ó kù díẹ̀ kó kan ẹ̀kẹta. Ọmọbìnrin náà ní inú òrùka ni kí n máa fi àmì sí. Mo sọ fún un pé òtítọ́ kì í sábà bọ́ sínú òrùka. Ó ní òun máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá òun. Mo wá bèèrè iye tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó yege. Ó ní kò sí yíyege, kò sì sí fífìdí rẹmi. N ò gbà á gbọ́. Wọn kì í fún àgbàlagbà ní ogójì ìbéèrè lásán. Ilé onígbàjámọ̀ náà sì wà nínú ilé méjìlá yẹn, o mọ̀ wọ́n, òun àti ìyàwó rẹ̀ kì í dákẹ́, wọn a máa bá ọ̀rọ̀ lọ lójú oorun. Mo rí i pé bí a ò bá múra, wọ́n máa gba ipò kìíní mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tó fẹ́ ṣe wá lábùkù gan-an ni ìwé tó so kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá ti bá ara wa sọ̀rọ̀, ká kọ aago tí a sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, àti ohun tó sọ. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, kò sí. Ìwé òfìfo wá ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, aago méje, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo jẹ ẹ́. Aago mẹ́sàn-án, ó wúkọ́, mo gbọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé, ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo ní kó má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé bí ìyá rẹ bá rọra gbé abọ́ kalẹ̀, kò síjà. Bí ọmọrí bá fò díẹ̀, mo ti gbàgbé nǹkan tó ní kí n ṣe nìyẹn. Bí ọmọrí bá bọ́ sílẹ̀, kí n jẹun kí n tètè padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìdajì wákàtí kọ̀wé. Ó ní òun ò tíì rí i nínú ìwé kankan.

Ó wá bi mí bóyá bó ṣe ń rí látilẹ̀ nìyẹn. Mo ní rárá o, a máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ wa ló ń bá wa gbé e. Mo sọ tìẹ fún un. Mo ní láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ á wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ, èmi á wà lórí àga mi, á ní kí o sọ fún bàbá rẹ pé omi ìwẹ̀ ti gbóná, ìwọ á rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta wá bá mi, wàá ní omi ti gbóná, èmi á ní kí o sọ fún un pé mo ń bọ̀. Kì í ṣe pé a ń bínú síra wa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni n ò rántí mọ́, ó kàn bá wa lára mu ni. O gbọ́n púpọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, o máa ń yọ èébú kúrò nínú ọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́.

Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ lọ sí ìlú ńlá, a ò jẹ́ kó bàjẹ́. Ìyá rẹ á pè ọ́ lórí fóònù láti yàrá ìránṣọ pé kí o sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀, ìwọ á pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, èmi á ní kí o sọ fún un pé mo ń kó irinṣẹ́ jọ. Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá ìránṣọ. Ọmọbìnrin náà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó bèèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti ibí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní wákàtí mẹ́fà ni nínú mọ́tò. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ máa rin wákàtí mẹ́fà lọ, á rin mẹ́fà bọ̀, kó tó gba ara ògiri kan kọjá. Mo ní fóònù ni, kì í pẹ́ rárá. Mo sì sọ fún un pé ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, o pè, o ní kí a máa bá ara wa sọ ọ́, o ò gbé e mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ fún ọ. N ò bínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti pa lọ́lọ́.

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ló kàn yìí, n ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Ìyá rẹ rán aṣọ kan fún ìyàwó oníbúrẹ́dì, ó gbé e kọ́ ara ilẹ̀kùn, mo rí i láti orí àga mi pé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ́. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n, apá ọ̀tún fi ìka méjì gùn ju apá òsì lọ. Kò sẹ́ni tí mo lè rán sí i. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lára ìṣó, torí mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń gbà báyìí. Aago mẹ́rin, Ẹni Kejì sọ fún Ẹni Kìíní pé etí aṣọ ìyàwó oníbúrẹ́dì wọ́, tépù kì í purọ́. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó oníbúrẹ́dì wá gba aṣọ rẹ̀, ó rí ìwé náà, ó sì kà á sókè ketekete lójú ìyá rẹ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọrí fi ń bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ kọ èsì sábẹ́ tèmi, n ò lè kà á, ìlà kan gun orí èkejì, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ẹyin. Mo ṣèbí ìbínú ni. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó kọ ọ́ kó gún.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin náà gbé ẹ̀rọ kan dé tó ń gba ohùn sílẹ̀, kò tóbi ju ọṣẹ lọ. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí èmi àti ìyá rẹ kọjú síra wa, ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ohun tó bá wù wá, òun máa dúró níta kí òun má bàa dí wa lọ́wọ́. Mo ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sípàdé, torí ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́kàn mi. Ó tẹ ẹ̀rọ náà, iná pupa kékeré kan tàn, ó jáde.

A jókòó. Aago ògiri ń lọ. Mo rí i pé ìṣẹ́jú méjì ti lọ, a ti ń fìdí rẹmi. Mo bá tẹ̀ sí ẹ̀rọ náà, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún ìyá wọn pé ọ̀rọ̀ etí aṣọ yẹn, n ò sọ ọ́ láti fi bú u. Díẹ̀ ló kù kí n fi orúkọ rẹ pè é. Ìyá rẹ náà tẹ̀ síwájú, ó ní kí ẹ̀rọ sọ fún bàbá wọn pé òun ti gbọ́. Ara tù mí, ó ti dà bí ilé wa padà. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi bi í pé kí ló dé sí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ní gbogbo ọdún tó ti kọjá, tépù mi ò rí àléébù kan lára aṣọ rẹ̀ rí. Ó wá ní kí ẹ̀rọ sọ fún bàbá wọn pé ojú òun kan kò ríran mọ́, èkejì náà ti ń ṣú, pé ahọ́n lòun fi ń wá ojú abẹ́rẹ́, ìka lòun sì fi ń wọn etí aṣọ.

Mo yíjú sí ẹ̀rọ láti fún un lésì. Iná pupa ti kú, bátìrì rẹ̀ ti tán. Mo gbé e, mo gbọ̀n ọ́n, mo tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọmọbìnrin náà ti tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Ìyá rẹ jókòó síwájú mi níbẹ̀, ó kọjú sí mi, mo sì wá rí i pé kì í ṣe ojú mi ló ń wò, ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò. Kò sẹ́ni tó máa bá mi gbé e. Mo bi í pé ojú wo ni. Ó ní ọ̀tún ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní nọ́ọ̀sì ti yẹ ojú náà wò, pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó, wọ́n lè yọ ọ́ ní ilé ìwòsàn ojú ní ìlú ńlá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá òpin ọdún yìí kí èkejì má bàa bá a lọ. Oṣù márùn-ún ni ìwé nọ́ọ̀sì ti wà nínú agolo bọ́tìnnì. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti sọ ọ́ fún mi, pé ayùn ń dún, mo na ọwọ́ sókè pé kó dúró kí n gé e tán, òun sì padà. Mo rántí ọwọ́ náà. Mo rò pé ó fẹ́ bèèrè owó òwú ni. Ọmọ mi, ó dùn mí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo bi í pé ta ló tún mọ̀. Ó ní ìwọ ni. Ó ní òun fi rán ọ sí mi lórí fóònù, pé o ní gbogbo èyí tó kù lo ti ń gbé, èyí o ò ní gbé e, àfi kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́ fún mi. Inú bí mi sí ọ. Mo ní ọmọ tó fi ogún ọdún gbé ọ̀rọ̀ omi gbígbóná, ọ̀rọ̀ ojú ló wá kọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi fá pákó láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo fá a títí pákó fi tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi. Ká ní o gbé e wá ni, ìwọ náà lo máa padà lọ sọ fún un bóyá mo sunkún. Kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí òbí rán ọmọ.

Ọmọbìnrin náà rí ìṣẹ́jú mẹ́rin gbà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ kí bátìrì tó kú. Ó gbé e sétí, ó gbọ́ ọ, ó nu ojú rẹ̀, ó ní ohun tó dára gan-an fún ìwádìí ni. Mo ní ṣé ipò kejìlá la wà ni tàbí ipò kìíní. Ó ní ilé méjìlá péré ni, òun ò sì lè sọ. Mo gbà pé àwa ni. Mo wá ní kó pa ọ̀rọ̀ etí aṣọ yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé, ó ní mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó pa á rẹ́, mo sì gba rìsíìtì. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún mi láti yọwọ́ nígbàkigbà, mo ní kó gbà á padà, n ò lò ó.

Báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi àti ìyá rẹ máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ a gbé ọṣẹ sórí tábìlì kí a lè rí nǹkan kọjú sí. Ọjọ́ kẹta ìyá rẹ fi ọṣẹ náà fọṣọ, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde. Ó ti sọ gbogbo èébú tí o yọ kúrò láti ogún ọdún fún mi, ó rántí wọn ní ẹsẹẹsẹ, kò fo ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ rèé. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa ní ilé ìwòsàn ojú. Ìwé nọ́ọ̀sì ní kí aláìsàn mú ẹnì kan dání tó máa bá a gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ. Ìyá rẹ ní ìwọ ló máa bá òun gbọ́ ọ. Mo ní rárá, èmi ni. Nítorí náà owó mọ́tò èèyàn méjì ni kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Mo ti ta pákó tí mo fi pamọ́, owó ilé ìwòsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, má fi sí bánkì, torí akọ̀wé bánkì ní ìfọwọ́sí mi kò bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Mo fi rúlà wọn méjèèjì, òótọ́ ló sọ, mo sì yìn ín. A ó sùn lọ́dọ̀ rẹ lálẹ́ ọjọ́ méjì. Ilẹ̀ ti tó fún mi, ṣùgbọ́n wá ibi tó rọ̀ fún ìyá rẹ. Bí a bá sì dé, bí ọ̀kan nínú wa bá gbàgbé, tó ní kí o sọ fún ẹnì kejì pé báyìí báyìí, má dìde. Jókòó, kí o máa jẹun rẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní wọ́. Ohun tí o bá wọ̀n yóò dọ́gba. Ẹni tí o máa fẹ́ sílé kò ní jìnnà sí ọ nínú ilé kan náà. Ojú rẹ kò ní ṣú, etí rẹ kò ní di, ẹnu rẹ kò sì ní ru ẹrù ẹlẹ́rù mọ́. Àmín.

Ìyá rẹ wà nídìí máṣíìnì níbí, ó ní kí n kí ọ. Èmi gan-an ló sọ ọ́ fún.

Bàbá rẹ ni.